Ẹ Da Àwo Dojú Dé, Kí Ẹ Wo Ìdí Rẹ̀

Ó ti sú mi. Bí oṣù kẹta bá ti wọlé, tí ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń ṣe àyájọ́ àwọn obìnrin bá ti ń sún mọ́lé, pósítì kan náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú fóònù mi. Àwòrán àtijọ́ tí kò ní àwọ̀, obìnrin òyìnbó kan di abọ́ mú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lábẹ́ rẹ̀: "Obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe báyìí báyìí." Àtẹ́wọ́ mẹ́ta, ọkàn pupa márùn-ún. A ó tẹ láìkì, a ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa kan, a ó sì kọjá síbi tí wọ́n ti ń jó.

Ẹ wá bi ẹni tó tẹ láìkì náà léèrè: kí ló wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn? Ṣé abọ́ ọbẹ̀ ni àbí ife? Báwo ni etí rẹ̀ ṣe rí? Ta ni wọ́n ṣe é fún, èló ni wọ́n ń tà á? Kò mọ̀. Kò wò ó. Obìnrin ló rí, kò rí àwo.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: àwọn obìnrin tó ya àwo ìgbàlódé tí ayé fi ń jẹun, ọ̀nà méjì la gbà ń rẹ́ wọn jẹ. Ọ̀nà kìíní ti pẹ́: wọ́n pe iṣẹ́ wọn ní ọ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀nà kejì jẹ́ tuntun, àwa tí a fẹ́ràn wọn la sì ń ṣe é: a pè wọ́n ní "obìnrin àkọ́kọ́", a pàtẹ́wọ́, a sì fi àtẹ́wọ́ bo iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Èkejì yìí ló ń dùn mí jù, torí pé ọ̀rẹ́ ló ń ṣe é.

Àwo ni mo wí o, n kò wí awo. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Àwo tí ìyá amọ̀kòkò bá fi ọwọ́ mọ, bó ti ń mọ ọ́n ló ń tún un ṣe. Bí etí rẹ̀ bá wọ́, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ padà. Ti ilé iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní láti jókòó yà á, kó ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, kí wọ́n fi àpẹẹrẹ yẹn ṣe mọ́ọ̀dù, kí ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ wá máa mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde láti inú rẹ̀. Bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá wà nínú àpẹẹrẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àṣìṣe ni yóò wọ ọjà. Amọ̀ sì máa ń súnkì bó bá ń gbẹ àti bó bá wọ iná. Ó lè dín ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ẹni tó ya àwo gbọ́dọ̀ ti ṣírò ìyẹn sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá àárín rẹ̀ yóò rọ̀ wọlẹ̀ nínú iléru, bóyá mẹ́fà lè gun orí ara wọn láìṣubú, bóyá ẹnu ìkòkò tíì yóò máa kán tótó sórí tábìlì, bóyá etí ife yóò jó ẹni tó dì í mú níka. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní dísáìn. Ìṣirò wà nínú rẹ̀, kẹ́mísírì wà nínú rẹ̀, owó sì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ti ṣe é, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á ní, "Ọwọ́ obìnrin mọ nǹkan rẹwà." Wò ó bí wọ́n ṣe yí ìṣirò padà di ìwà!

Èmi náà mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, a ní láti yan ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ ọnà tí a ó gbájú mọ́. Mo yan amọ̀. Olùkọ́ wa kan wo fọ́ọ̀mù mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ lọ ṣe àdìrẹ ni? Iléru gbóná o. Iṣẹ́ ọkùnrin ni." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, amọ̀ ni mo fẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. Kò fi ìkanra sọ ọ́ rárá; bí bàbá ṣe ń bọ́mọ sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n mọ bí mo ṣe lè bá a jà.

Ẹ sì wò ó, ilẹ̀ Yorùbá la wà o! Ta ló ń mọ ìkòkò nílẹ̀ yìí? Ẹ lọ sí Dada nílùú Ìlọrin, kí ẹ wo ẹni tó jókòó ti amọ̀, kí ẹ wo ẹni tó ń to ìkòkò sínú iná. Àwọn ìyá wa ni. Ó ti pẹ́ tí èéfín ti ń ta wọ́n lójú, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ìgbà tí wọ́n kọ́lé lé e lórí, tí wọ́n fa iná mànàmáná wọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀, ìgbà yẹn ni iléru ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná jù fún obìnrin.

Nígbà tí mo wá kàwé nípa Bauhaus, ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi. Bauhaus ni ilé ìwé tí Walter Gropius dá sílẹ̀ ní Weimar, ní Jámánì, lọ́dún 1919. Títí dòní, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ dísáìn ìgbàlódé, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n kéde pé ọkùnrin àti obìnrin, ọgbọọgba ni. Àwọn obìnrin gbà wọ́n gbọ́, wọ́n rọ́ wá. Kò pẹ́ tí ẹ̀rù fi ba àwọn olórí ilé ìwé náà pé obìnrin ti pọ̀ jù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í darí wọn lọ sí ibi aṣọ híhun. Ní ibi iṣẹ́ amọ̀ wọn, tó wà nílùú Dornburg, wọn ò fẹ́ obìnrin bí wọ́n bá lè yẹra fún un. Ẹ ò rí i pé olùkọ́ mi ò dá ọgbọ́n kankan fúnra rẹ̀? Ohun tí wọ́n ti ń sọ ní Weimar kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ ló ń tún sọ fún mi.

Síbẹ̀, ta ló jáde láti inú amọ̀ Dornburg yẹn? Marguerite Friedlaender kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí ọ̀gá amọ̀kòkò, ó sì di olórí ẹ̀ka amọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Burg Giebichenstein ní ìlú Halle. Ibẹ̀ ló ti ya àwọn àwo kan fún ilé iṣẹ́ KPM ti Berlin, èyí tí wọ́n ń pè ní Hallesche Form, ní nǹkan bí ọdún 1930. Ní 1931, ilé iṣẹ́ kan náà gbé àwo Urbino jáde. Trude Petri ló yà á. Títí di òní olónìí, wọ́n ṣì ń ṣe Urbino tà.

Ẹ wo Urbino dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ "ọ̀ṣọ́" yìí ti fọ́ yángá. Kò sí òdòdó lára rẹ̀. Kò sí wúrà létí rẹ̀. Funfun báláú ni. Àwo pẹrẹsẹ rẹ̀ kò ní etí fífẹ̀ tí wọ́n máa ń ya ọnà sí. Láti àárín ló ti ń rọra tẹ̀ gòkè wá, bí ìdajì igbá. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ilé olówó bá máa ra àwo tánńganran, wúrà àti òdòdó ni wọ́n ń san owó fún. Petri àti Friedlaender gba gbogbo ìyẹn kúrò, wọ́n ní kí ìrísí àwo fúnra rẹ̀ dá dúró. Kò sí ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí lára irú àwo bẹ́ẹ̀. Bó bá wọ́, gbogbo ayé ni yóò rí i.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún sọ fún mi pé ọ̀ṣọ́ làwọn obìnrin mọ̀ ọ́n ṣe, màá bi í pé: ta ló bọ́ ọ̀ṣọ́ kúrò lára àwo?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Funfun tí kò ní nǹkan kan lára, kí ló wá le níbẹ̀?" Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìlú Ọba, sí àgbègbè Stoke-on-Trent níbi tí ilé iṣẹ́ àwo ti pọ̀ bíi ṣọ́ọ̀bù lọ́jà. Susie Cooper bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1922 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kun àwo. Ní 1929, ó kúrò lábẹ́ ọ̀gá, ó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1932 ó gbé àwọn àwo kan jáde tó pè ní Kestrel. Lára wọn ni abọ́ ọlọ́mọrí tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀fọ́ wá sórí tábìlì. Bí ẹ bá ṣí ọmọrí rẹ̀, tí ẹ dà á dojú délẹ̀, ọmọrí náà ti di abọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé yàrá kan, tí kọ́bọ́ọ̀dù yín ò gba abọ́ mẹ́rin, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó ro ìyẹn ti ro ilé kékeré, ó ti ro owó tí kò tó, ó ti ro obìnrin tó máa fọ abọ́ náà. Yàtọ̀ sí èyí, ó bá àwọn atẹ̀wé ṣiṣẹ́ títí tí àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo fi rí bí ohun tí ọwọ́ kùn, kí ẹni tí kò lówó iṣẹ́ ọwọ́ lè ra àwo tó dára. Òwò ni. Ẹ̀rọ ni. Ìṣirò ni. Ní 1940, wọ́n fún un ní oyè Royal Designer for Industry. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú oyè yẹn: ilé iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Tàbí kí ẹ wo Edith Heath ní California. Yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní San Francisco ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ ni ọkọ rẹ̀ sọ di kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò fún un. Ó kàwé nípa kẹ́mísírì amọ̀, ó lọ ń wá amọ̀ kiri ní ibi tí wọ́n ti ń wà á nínú ilẹ̀ California, ó dán èyí wò, ó dán tọ̀hún wò, títí tó fi rí èyí tó le, tí kì í tètè sán, tó sì ní àwọ̀ ilẹ̀ tó ti wá lára. Ní 1948, òun àti ọkọ rẹ̀ Brian dá Heath Ceramics sílẹ̀ ní Sausalito. Nígbà tó fi ẹ̀rọ kún ọwọ́ kí àwo náà lè pọ̀, àwọn amọ̀kòkò kan yínmú sí i pé kì í ṣe ojúlówó iṣẹ́ ọnà mọ́. Àwọn kan ní ọ̀ṣọ́ ni, kò tó ẹ̀rọ. Àwọn kan tún ní ẹ̀rọ ni, kò tó iṣẹ́ ọnà. Èwo ni kí obìnrin ṣe? Heath ò dá wọn lóhùn. Àwo tó yà nígbà yẹn, Coupe, wọ́n ṣì ń ṣe é ní Sausalito lónìí, ọdún tí òun fúnra rẹ̀ sì kú ni 2005.

Ìyẹn ni ti àwọn tó ń fojú tẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sọ́dọ̀ àwa ọ̀rẹ́ wọn.

Obìnrin tí pósítì oṣù kẹta fẹ́ràn jù ni Eva Zeisel. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ìtàn rẹ̀ ju fíìmù lọ. Budapest ni wọ́n bí i sí ní 1906. Ó kọ́ṣẹ́ amọ̀ lọ́dọ̀ amọ̀kòkò, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí obìnrin kò tíì wọ̀ rí. Ó ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Ní 1932 ó gba ilẹ̀ Soviet lọ. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 29, òun ló ń darí iṣẹ́ ọnà fún gbogbo ilé iṣẹ́ àwo àti gíláàsì ní Rọ́ṣíà. Ní 1936 wọ́n wá mú un: wọ́n ní ó ń gbìmọ̀ láti pa Stalin. Irọ́ ni. Oṣù 16 ló fi wà lẹ́wọ̀n, ó sì dá nìkan wà nínú yàrá fún èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Arthur Koestler tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré mú lára ohun tójú rẹ̀ rí kọ ìwé Darkness at Noon. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n lé e lọ sí Vienna. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí ni Hitler wọ Austria ní 1938. Júù ni. Ó tún sá. Ó gba Ìlú Ọba dé New York lọ́dún yẹn kan náà.

Ibí yìí ni pósítì máa ń parí sí: "Ó la ẹ̀wọ̀n Stalin já, ó sì di obìnrin tí Museum of Modern Art ṣe àfihàn iṣẹ́ òun nìkan fún." Ẹkún, àtẹ́wọ́, ọkàn pupa.

Iṣẹ́ ńkọ́? Ohun tí wọ́n fi hàn ní 1946 ńkọ́? Àwo funfun ni, tí ilé iṣẹ́ Castleton ṣe. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé náà àti ilé iṣẹ́ yẹn ló jọ gbé iṣẹ́ náà fún un, ó sì ní láti tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn: ọ̀kan fẹ́ kó jẹ́ ti ìgbàlódé, èkejì fẹ́ kó tà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ya Town and Country fún ilé iṣẹ́ Red Wing ní Minnesota. Ẹ wá àwòrán abọ́ iyọ̀ àti abọ́ ata inú rẹ̀. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, ọrùn àwọn méjèèjì tẹ̀, wọ́n fara ti ara wọn bí ìyá tó gbá ọmọ mọ́ra. Oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n fi ṣe àwọn àwo náà, kí èèyàn lè da èyí pọ̀ mọ́ tọ̀hún bó ṣe wù ú. Lákòókò tí àwọn ọkùnrin ìgbàlódé ń sọ pé gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ tọ́ bíi rúlà, obìnrin yìí ní rárá, ohun èlò lè rẹ́rìn-ín. Àríyànjiyàn ló ń bá wọn ṣe, amọ̀ ló sì fi ń ṣe é. Ó borí nínú rẹ̀ tàbí kò borí, ìyẹn ló yẹ ká máa jà lé lórí nínú kọ́mẹ́ǹtì. Ẹ̀wọ̀n tó ṣe, Stalin ló ni ín. Abọ́ iyọ̀ yẹn, òun ló ni ín. Kí ló dé tó jẹ́ pé ti Stalin là ń sọ ṣáá?

Ó gbé ọdún 105 láyé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ṣì ń ya àwo. Ẹ ò rò pé ohun tó fi ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe tó kí a wò ó?

Ohun tó tún burú nínú "obìnrin àkọ́kọ́" ni pé ó ń da gbogbo obìnrin pọ̀ sójú àwo kan, bíi pé wọn ò lè jẹ ara wọn níyà. Ẹ gbọ́ ti Margarete Heymann. Òun náà wọ Bauhaus, ní 1920. Ó jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1923, òun àti ọkọ rẹ̀ Gustav Loebenstein pẹ̀lú àbúrò ọkọ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Haël sílẹ̀ ní Marwitz, nítòsí Berlin. Ife rẹ̀ kan wà tí etí rẹ̀ jẹ́ àwo róbótó méjì pẹlẹbẹ. Ẹ ò ní rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n ń kó o lọ tà ní òkè òkun. Ní 1928, ìjàm̀bá mọ́tò pa ọkọ rẹ̀ àti àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Obìnrin yìí, opó, ìyá ọlọ́mọ, dá ilé iṣẹ́ náà tukọ̀. Nígbà tí ìjọba Nazi dé, Júù ni, ilé iṣẹ́ náà tì ní 1933. Ní 1934 ó tà á ní owó pọ́ọ́kú.

Ta ló gba ipò rẹ̀ níbẹ̀? Hedwig Bollhagen. Obìnrin. Dísáínà. Ọlọ́gbọ́n, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára gan-an, tí Jámánì ń yìn títí dòní. Ó gbé orúkọ tirẹ̀ sórí ilé náà, wọ́n sì ń ṣe lára àwọn ohun tí Heymann yà lọ níbẹ̀. Ní 1935, Der Angriff, ìwé ìròyìn tí Goebbels dá sílẹ̀, to iṣẹ́ àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n bú ti Júù, wọ́n yin ti ẹnì kejì. Heymann sá lọ sí Ìlú Ọba ní 1936.

Mo ti rí pósítì tó to obìnrin méjèèjì yìí tẹ̀ lé ara wọn, òdòdó lọ́tùn-ún, òdòdó lósì: "Àwọn ìyá wa nínú dísáìn." Haba! Ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó wọ inú ilé náà, a wá fún wọn ní òdòdó kan náà torí pé ìró làwọn méjèèjì ń ró? Mi ò ní ká má yin iṣẹ́ Bollhagen. Mo ní ká yìn ín pẹ̀lú ojú ṣíṣí. Obìnrin tó tó ká bọlá fún tó ká dá lẹ́jọ́ pẹ̀lú.

Ó kù ẹyọ kan. Ẹ lè ti gbọ́ orúkọ Clarice Cliff, òun náà ará Stoke-on-Trent. Ní 1927 wọ́n fún un ní àwo tó ti pẹ́ nílẹ̀, tó ní àbùkù, tí kò tà. Ó fi àwọ̀ ọsàn, pupa, àwọ̀ ewé àti ìlà gbàgà-gbàgà bo àbùkù mọ́lẹ̀, ó pè é ní Bizarre, ọjà sì gbà á bí àkàrà gbígbóná. Bí ẹ bá da ọ̀kan dojú dé, orúkọ rẹ̀ lẹ máa bá nídìí rẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n fún obìnrin nígbà yẹn. Mo yọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ta ló kun àwo náà? Àwọn ọmọbìnrin bíi àádọ́rin ló jókòó nínú yàrá ńlá, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya ìlà náà láti àárọ̀ dalẹ́. Orúkọ tiwọn ò sí nídìí ìkankan. Bí a bá ń pariwo "obìnrin àkọ́kọ́", àwọn àádọ́rin tó tẹ̀ lé e ńkọ́?

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní, "Aǹtí, bí kò bá sí pósítì yẹn, ta ló máa mọ̀ wọ́n rárá?" Òótọ́ ni. Èmi fúnra mi, ojú pósítì bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí orúkọ Zeisel. Àwọn àgbà sì ní, yinni yinni kí ẹni ó lè ṣe mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yin aláṣọ tí kò wo aṣọ, ẹ̀tàn ni. Bí ẹ bá ń kọ nípa Gropius, ẹ kì í kọ pé "ọkùnrin kan tó kọ́lé." Ẹ ó sọ irú ilé tó kọ́, gíláàsì rẹ̀, òrùlé rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ: ẹ sọ irú àwo tó yà.

Àwọn kan á tún ní, "Àwo lásán! Orílẹ̀-èdè ń jóná, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ abọ́." Ẹ dákun, kí lẹ fi jẹun láàárọ̀ yìí? Nǹkan tó ń kan ètè yín lójoojúmọ́, tí ìyá yín ń fọ̀, tí ẹ̀ ń gbé fún àlejò, ẹnì kan ló ro ó. Bí ẹ bá gbà pé ohun tó wà nílé ìdáná kò tó ohun tí à ń fi ọpọlọ ṣe, ẹ ti gbà pé ẹni tó wà nílé ìdáná kò ní ọpọlọ. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ "lọ ṣe àdìrẹ" ti ń wá. Ẹni tó sọ ọ́ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìṣirò àti kẹ́mísírì wà nínú àdìrẹ náà.

Nílé wa níbí, ẹ mú náírà ogún kan jáde. Ojú rẹ̀, Murtala Mohammed. Ẹ yí i padà. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò nínú àwòrán yẹn ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, ẹni tó wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tó ń jẹ́ Suleja báyìí, ní 1954. Tirẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá o. Ọwọ́ ló fi ń mọ ọ́n, tó ń fín àwòrán alángbá àti ẹja sí i lára. Àìmọye ìgbà la ti ná an fún omi inú ọ̀rá. Mélòó nínú wa ló lè ṣàpèjúwe ìkòkò kan ṣoṣo tó mọ? A fi í sí ẹ̀yìn owó, a rò pé a ti ṣe tán.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí àwọn obìnrin yìí ti gbóná tó. Èyí tó kù ni ká jẹ́ kí wọ́n jẹ ata náà.

Nítorí náà, oṣù kẹta tó ń bọ̀, bí ẹ bá fẹ́ kọ pósítì, ẹ kọ ọ́. Ẹ yọ "àkọ́kọ́" kúrò. Ẹ sọ ohun tó yà, ẹ sọ ìṣòro tó yanjú, ẹ sọ ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì sọ bóyá ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tàbí ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín jiyàn lórí etí ife. Ìjiyàn yẹn ni ọ̀wọ̀.

Lálẹ́ yìí, bí ẹ bá jẹun tán, kí ẹ tó fọ abọ́, ẹ dà á dojú dé. Orúkọ ilé iṣẹ́ lẹ máa rí, tàbí orúkọ orílẹ̀-èdè, tàbí òfìfo. Ẹ bi ara yín pé ta ló jókòó ya èyí. Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo abọ́ tí mo bá mọ báyìí, kí n tó gbé e sínú iléru tí wọ́n ní ó gbóná jù fún mi, mo máa ń fi ìṣó kọ orúkọ mi sí ìdí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọmọbìnrin tó ń bá mi po amọ̀.